Iṣẹ́ Títa Òrùlé: Èrè Rẹ̀, Wàhálà Rẹ̀, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Mọ̀ Kó Tó Wọ̀ Ọ́

   Àwọn tó gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ títa òrùlé: ṣé iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ lè gbájú mọ́ títí ayé rẹ̀ ni, àbí èyí tí èèyàn kàn ń ṣe ná títí iṣẹ́ gidi yóò fi dé?

N kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ó lérè, ó sì ní wàhálà, ìdí kan náà ló sì bí méjèèjì. Ẹni tó ń ta òrùlé ń ta ohun tí oníbàárà kò lè dán wò lọ́jọ́ tó rà á. Aṣọ, a lè wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí. Mọ́tò, a lè wà á yíká àdúgbò. Òrùlé kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ọdún karùn-ún, ìjì ọdún kẹwàá, àwọn ni yóò jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, kí oníbàárà tó sanwó páànù, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á ló kọ́kọ́ rà. Ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ yóò jẹun nídìí iṣẹ́ yìí títí di alẹ́. Ẹni tó bá fi ṣe jìbìtì, ọdún díẹ̀ ni yóò fi jẹ ẹ́.

Bí òrùlé ṣe di ohun tí à ń tà

Láyé àtijọ́, a kì í ra òrùlé lọ́jà. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ló ń gbé e wá, ó sì ní ọdún tirẹ̀, ọdún Bẹẹrẹ. Nílẹ̀ igbó, ewé gbọ́dọgì ni wọ́n fi ń bo ilé. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ á péjọ, àwọn ẹbí á péjọ, ọkọ ọmọ á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ bá àna rẹ̀ bo ilé, oúnjẹ àti ẹmu ni owó iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń tan ẹnikẹ́ni jẹ, torí ojú gbogbo èèyàn ni koríko náà wà, ọwọ́ gbogbo èèyàn ló sì wà níbẹ̀.

Ohun tó ba adùn rẹ̀ jẹ́ ni iná. Bí iná bá ràn mọ́ òrùlé kan lásìkò ọyẹ́, odindi agbo ilé lè bá a lọ. Nígbà tí páànù onírin bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkèèrè wọ Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà ṣí fún ọjà tó wúwo láti wọ inú ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, páànù gba ipò koríko àti ewé. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Lónìí, alumíníọ̀mù ló gbòde: longspan, step tile, àti oríṣiríṣi mìíràn. Stone coated sì wà, ìyẹn páànù onírin tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ bò lórí, tó jẹ́ pé New Zealand ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọjà ńlá kó tó kárí ayé.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wọlé níbẹ̀. Ọwọ́ ẹbí àti ará ni òrùlé wà tẹ́lẹ̀, ó wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí. Láàárín onílé àti ẹni tí kò mọ̀ rí yìí ni iṣẹ́ tí à ń sọ wà.

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó ń ta páànù kàn ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ní ọjà Odùnádé ní Orílé l'Ékòó tàbí lẹ́bàá títì, tó ń retí ẹni tí yóò wọlé. Irú wọn wà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ilé-iṣẹ́ páànù ń gbà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Láàárọ̀, wọ́n á gun ọ̀kadà lọ sí àdúgbò tí ilé tuntun ti ń yọ, wọ́n á máa wo ilé tó ti dé líńtẹ̀lì, torí wọ́n mọ̀ pé bí ilé bá ti dé ibẹ̀, òrùlé ló kàn. Wọ́n á kí bíríkìlà, wọ́n á béèrè onílé, wọ́n á gba nọ́ńbà. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ tàbí ti àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n á tọrọ àyè ìṣẹ́jú díẹ̀ láti sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ yá owó kọ́lé wà.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. Ibí yìí ni a ti ń mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ibi tí òrùlé ilé kan máa bò, pẹ̀lú etí rẹ̀ tó yọ síta, gùn ní mítà 12, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò sọ pé sikúéà mítà 120 ni páànù tó máa lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé kì í tẹ́jú bí ilẹ̀, ńṣe ló dà gẹ̀rẹ́. Bí gẹ̀rẹ́ náà bá jẹ́ díígírì 30, 120 yẹn ti di bíi 139, kí a tó ka ibi tí páànù ti ń gorí ara wọn, àti èyí tí wọ́n máa gé dànù níbi igun. Longspan tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí gígùn ilé oníbàárà ni wọ́n fi ń gé e. Bí wọ́n bá gé e kúrú, kò ṣe é so pọ̀, kò ṣe é dá padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé mìíràn tó dúró dè é.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ owó, lẹ́yìn owó ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó máa gbé e, lẹ́yìn ọkọ̀ ni kí o dúró ti kápẹ́ńtà kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ tẹ páànù bàjẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù rẹ wà lọ́wọ́ onílé, tí yóò pè ọ́ lọ́jọ́ tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀.

Èrè tó wà níbẹ̀

Èrè àkọ́kọ́ ni pé ìlẹ̀kùn iṣẹ́ yìí kò há. Ẹni tó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù páànù sílẹ̀ yóò wá owó kọ́ìlì (ìyẹn alumíníọ̀mù tí wọ́n ká jọ, tí wọ́n fi ń ṣe páànù), owó ilẹ̀, owó ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ máa bá ilé-iṣẹ́ tà á, bàtà tó lágbára, fóònù, tẹ́ẹ̀pù àti ẹnu tó mọ ìkíni ló nílò. Ọmọ tó ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì lè ṣe é, ọmọ tó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é, ẹni tó ti ń ṣe kápẹ́ńtà tí ẹ̀yìn ń dùn ún náà lè yà síbẹ̀. N kò rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nílùú wa tí mo lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn.

Èrè kejì ni owó, n kò sì ní fi bò. Òrùlé wà lára ohun tó ń gba owó jù nínú ilé kíkọ́, ọ̀pọ̀ onílé sì máa ń san owó rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí òjò kò ní dúró dè wọ́n. Kọ́míṣọ̀n orí ilé ńlá kan, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan, lè ju owó oṣù mélòó kan lọ. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ jù máa gbà jù. Ẹni tí inú ń bí pé òun àti ọ̀lẹ ń gba owó kan náà ní ọ́fíìsì, ibí yìí ni ara rẹ̀ ti máa balẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀. Ọdún díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ tó dáńtọ́ á mọ pílánù kà, á mọ ìṣirò òrùlé, á mọ irú igi tí kòkòrò kì í jẹ, á mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé iye owó àti ìwé àdéhùn. Á mọ bí a ṣe ń bá dókítà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kí a sì bá lébìrà sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, kí àwọn méjèèjì má rò pé a fojú dí wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù páànù lónìí, títà fún ẹlòmíràn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni pé iṣẹ́ náà máa ń polówó ara rẹ̀. Òrùlé kì í sá pamọ́. Bí o bá ta èyí tó dára fún ilé kan ní ìgboro, gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló ń rí i. Ẹni tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò béèrè pé, "Ta ló bá yín ṣe èyí?" Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé àdúgbò kan ló ń jẹ, ilé kan ló ń fà á lé èkejì lọ́wọ́, kò sì polówó mọ́ rárá.

Ẹ̀karùn-ún kò ṣe é kà lówó. Kò sí ohun tí Yorùbá ń tọrọ bí ilé tirẹ̀. Ẹni tó ti háyà yàrá láti ìgbà èwe, tí lánlọ́ọ̀dù ti fojú rẹ̀ rí màbo, lọ́jọ́ tí wọ́n kan ìṣó tó kẹ́yìn mọ́ òrùlé rẹ̀, ìwọ tó tà á fún un wà lára ayọ̀ yẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èyí kéré.

Wàhálà tó wà níbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì láìbò ó, torí àwọn tó ń gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ kì í sábà sọ ọ́.

Owó rẹ̀ kì í wọlé déédéé. Láti ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró títí di ìgbà tó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, oníbàárà ń sáré kí òjò má bá ilé wọn ní ṣíṣí. Lóṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ìjì tó ń ṣáájú òjò máa ń ká òrùlé ilé mìíràn, iṣẹ́ àtúnṣe á sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti wá mulẹ̀, tí sáìtì di ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé á káwọ́ gbera. Láti oṣù Keje 2024, náírà 70,000 ni òfin sọ pé kí owó oṣù tó kéré jù jẹ́, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ lórí kọ́míṣọ̀n nìkan ṣì wà. Ìyẹn ni pé bí o kò bá tà lóṣù yìí, o kò gba kọ́bọ̀, o sì ti fi owó ara rẹ wọ ọ̀kadà kiri.

Dọ́là ń dá wa láàmú. Ọjà àgbáyé, ní London, ni iye owó alumíníọ̀mù ti ń jáde. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Ikot Abasi ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom láti máa yọ́ alumíníọ̀mù, èyí tí wọ́n ṣí ní 1997, kò ṣiṣẹ́ tó bí a ti retí. Nítorí náà, òkèèrè ni púpọ̀ nínú kọ́ìlì wa ti ń wá. Ní ọjà ìjọba, dọ́là kan tí kò tó náírà 500 kó tó di àárín oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 nígbà tí oṣù Kejì 2024 fi máa parí. Ẹ wo ọmọ tó ti fún màmá kan ní ìwé iye owó lọ́jọ́ Ajé, tí màmá lọ kó owó jọ, tó padà dé lọ́jọ́ Ẹtì, tí owó náà kò sì ká páànù náà mọ́. Ta ni màmá máa bínú sí? Kì í ṣe báńkì àpapọ̀. Ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀ ni.

Ewu wà nínú rẹ̀ fún ara. Oòrùn, gígun àkàbà, igi tí wọn kò tíì kàn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ṣubú láti orí òrùlé lè má dìde mọ́. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó wà lórí ilé àtijọ́ ní ewu tirẹ̀: bí a bá ń fi ayùn gé e tàbí tí a ń fọ́ ọ, eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé gbogbo oríṣi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló lè fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó fẹ́ ta òrùlé tuntun fún onílé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í fi òòlù fọ́ ti àtijọ́ dànù, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọdé fi èyí tó fọ́ ṣeré.

Ẹ̀yin obìnrin tó wà nínú iṣẹ́ yìí tún ń ru ẹrù kan tí ọkùnrin kì í rù. Ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kì í ṣe ibi tó yẹ kí ọ̀gá rán ọmọbìnrin lọ bá oníbàárà tí kò mọ̀ rí lóun nìkan. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí tágẹ́ẹ̀tì, kó jáwọ́.

Ẹ̀bi ẹlòmíràn náà ń wá sórí rẹ. Bí kápẹ́ńtà bá kan ìṣó síbi tí kò yẹ, tí omi wọ inú àjà, onílé kò ní sọ pé ìṣó ni. Á ní páànù rẹ ló ń jò. Àwọn mìíràn á sọ pé, "Bá mi gbé e wá ná, n óò san ìyókù lópin oṣù," òpin oṣù á sì di ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù

Gbogbo ìyẹn, ẹni tó ní sùúrù lè fara dà á. Èyí tó ń ba èèyàn jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀.

Ká ní ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni. Owó àjẹmọ́nú rẹ̀ dé lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, ó sì fẹ́ fi bo ilé rẹ̀ ní Akóbọ̀ ní Ìbàdàn. Ọmọ tó ń ta páànù dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ ilé mà. Ẹ óò gbé e pẹ́ o."

"Àmín, ọmọ mi. Wọ́n ní 0.55 ló dára. Ṣé 0.55 ni tiyín?"

Kó tó fèsì, kápẹ́ńtà ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀dá, ẹ gbọ́. Ẹlòmíràn ti wá, ó sì ti sọ ohun tó máa fún wa. Èló ni tiyín? Bí ẹ bá gbé 0.45 wá, màmá ò lè mọ̀."

Òótọ́ ni kápẹ́ńtà sọ: màmá ò lè mọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 0.55 àti 0.45 kò tó nínípọn abala ìwé méjì. Àwọ̀ kan náà, dídán kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wọn ohun tí wọ́n yọ lọ. Sikúéà mítà kan alumíníọ̀mù tó nípọn ní 0.55 milimítà ń wọn bíi kílò 1.49, ti 0.45 ń wọn bíi kílò 1.22. Lórí ilé tó gba sikúéà mítà 140, alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ lára owó màmá yìí tó kílò 38. Bí ẹnìkan bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jáde nínú ilé rẹ̀ lóru, olè là bá pè é. Èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́sàn-án gangan, ìwé rìsíìtì ni wọ́n fi bò ó.

Ẹni tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ yóò ní, "Gbogbo ayé ló ń ṣe é." Àwọn àgbà mọ irú ìdẹwò yìí kí wọ́n tó sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lóòótọ́, ẹni tó ń ta ojúlówó lè pàdánù iṣẹ́ kan, kó pàdánù méjì, torí iye tirẹ̀ ga ju ti èké lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín pé òtítọ́ máa ń tà lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Páànù tó fẹ́lẹ́ máa ń lura nínú ìjì, ibi tí ìṣó wà á máa fẹ̀, omi á wọlé. Onílé kò ní mọ milimítà, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ rẹ. Ó mọ ilé-iṣẹ́ tó rán ọ wá. Nílùú tó jẹ́ pé ẹnu ni a fi ń ta òrùlé, ẹnu náà ni wọ́n fi ń lé èèyàn kúrò nídìí rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì wọ́n. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní maikirómítà. Bí o bá fi há etí páànù, á sọ nínípọn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fi sínú àpò rẹ. Wọ̀n ọ́n lójú oníbàárà, kí ó fojú ara rẹ̀ kà á, kí o kọ iye náà sára rìsíìtì. Kọ́ wọn pẹ̀lú pé páànù onírin tí wọ́n ń fi nọ́ńbà gééjì tà yàtọ̀: bí nọ́ńbà gééjì bá ṣe ń ga sí i ni irin náà ń fẹ́lẹ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀ lè fi owó púpọ̀ ra èyí tó fẹ́lẹ́, kó máa yọ̀. Ọjọ́ tí o bá kọ́ oníbàárà ní èyí, o ti yà sọ́tọ̀ láàárín àwọn mẹ́wàá tó ti wá ṣáájú rẹ.

Ti àwọn ọmọ wa lókè òkun

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Dallas ní Amẹ́ríkà mọ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, torí Texas jẹ́ ibi tí yìnyín ńlá ti ń bọ́ lu òrùlé. Bí yìnyín bá ti rọ̀, àwọn tó ń ta òrùlé á máa kan ìlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, kọ́míṣọ̀n nìkan sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Adójútòfò ló sábà máa ń san púpọ̀ nínú owó náà, ṣùgbọ́n iye kan wà tí onílé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lápò ara rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn olùtajà ń ṣèlérí pé onílé kò ní san kọ́bọ̀, wọ́n á fi owó kún ìwé tí wọ́n kọ sí adójútòfò láti dí i. Texas ṣe òfin ní 2019 tó ka irú ìlérí bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹ rí i pé ìdẹwò náà kò yàtọ̀: a yọ díẹ̀ lára ohun tí ẹnìkan kò lè rí, kí ọjà lè yá. Ẹni tó bá ń lọ sọ́hùn-ún pẹ̀lú èrò àtiṣe iṣẹ́ yìí, kó mọ̀ pé òfin ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e sórí ìwọ̀n

Ní tèmi, èrè iṣẹ́ yìí tẹ̀wọ̀n ju wàhálà rẹ̀ lọ fún irú èèyàn kan. Ẹni náà fẹ́ràn èèyàn, kò kórìíra ìṣirò, ó lè gbọ́ "rárá" láàárọ̀ kó sì tún rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, ó sì lè tọ́jú owó oṣù tó dára fún oṣù tí kò dára. Ẹni tó nílò owó kan pàtó lọ́jọ́ kan pàtó lóṣooṣù, tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn tàbí tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, kó má wọ èyí tó jẹ́ kọ́míṣọ̀n nìkan. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn mọ ohun tí apá rẹ̀ ká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́, ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Ṣé owó oṣù kan wà tí màá máa gbà, bó ti wù kó kéré tó? Ìgbà wo ni wọ́n máa san kọ́míṣọ̀n mi, ṣé nígbà tí oníbàárà bá san àsansílẹ̀ ni, àbí nígbà tó bá san tán? Bí ìwọ̀n bá já sí àṣìṣe, ta ni yóò ru owó rẹ̀? Bí mo bá kúrò níbí, ṣé ẹ óò san èyí tí mo ti ṣiṣẹ́ fún? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá bínú sí irú ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn. Ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan pẹ̀lú. Oṣù tí kọ́míṣọ̀n ńlá bá wọlé, kí ìdá tó pọ̀ lọ síbẹ̀ kí bàtà tuntun tó ráyè.

Ẹ̀yin tó ni ilé-iṣẹ́, tágẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ẹ wò ó wò. Ọmọ tí kò gba owó oṣù, tí ẹ ní kó ta sikúéà mítà ẹgbẹ̀rún kan lóṣù tí òjò kò dáwọ́ dúró, ẹ̀yin ni ẹ ń tì í sínú irọ́ tí yóò pa. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí wọ́n sọ fún un pé ó rà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà lórí rìsíìtì.

Ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ̀tọ́ yín ni owó iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá mú oníbàárà wá, kí ilé-iṣẹ́ fún yín ní ohun tó tọ́ ní gbangba, kí onílé sì mọ̀. Ohun tí a bá ń sọ lẹ́yìn ilé nìkan, ara milimítà ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ojú kéré wo ọmọ tó ní òun fẹ́ ta páànù. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí mo ti sọ yẹn. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá mọ́gbọ́n wá, ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ ra àkàbà tó dúró dáadáa fún un.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ oníṣòwò tó wà níbí ṣe kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀: kí maikirómítà wà lórí káńtà gbogbo ṣọ́ọ̀bù yín, kí a sì kọ ọ́ sára ògiri pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti wọn ọjà rẹ̀ kó tó sanwó. Bí ẹ bá ṣe èyí, ọmọ tó ń sọ òótọ́ kò ní máa pàdánù iṣẹ́ fún ẹni tó ń parọ́, torí irinṣẹ́ náà ni yóò máa bá a jẹ́rìí. Nígbà náà ni a óò lè sọ fún ọ̀dọ́ wa, tí ọkàn wa balẹ̀, pé kí wọ́n wọ iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì fi ọmọ tiwọn sí i lọ́la.